Pápá gọ́ọ̀fù etí òkun: ìdáhùn fún Àlàájì tó fẹ́ lọ sí Brora

Ìbéèrè: "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́. Èpẹ́ ni mo ń gbé, ọmọ ọdún 61 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Pápá Lákọ̀wé ni mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù lópin ọ̀sẹ̀, háńdíkáàpù mi, ìyẹn iye ìgbá tí wọ́n ń yọ fún mi, sì jẹ́ 19. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Manchester ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun ní oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀, ó ní òun á sanwó kí n lọ gbá gọ́ọ̀fù ní Skọ́tíláǹdì. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ní St Andrews ni kí n lọ. Ṣùgbọ́n mo rí àwòrán pápá kan tó ń jẹ́ Brora, etí òkun gan-an ló wà, kò sí igi, koríko rẹ̀ rí jágajàga, àgùntàn ń jẹko lórí ẹ̀. Ibẹ̀ ló wù mí. Ṣé kí n lọ? Báwo ni mo ṣe máa múra tí ojú ò fi ní tì mí? Orúnkún mi ọ̀tún máa ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Ìyàwó mi kì í gbá gọ́ọ̀fù o."

Ìdáhùn: Àlàájì, ẹ lọ sí Brora. Ibi tí ọkàn yín fà sí yẹn dáa, mi ò ní yí ọ̀rọ̀ po. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kẹ́ ẹ gbá pápá yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ yín di ẹni tó ń sáré láti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, kẹ́ ẹ lè padà wá sọ ní Èpẹ́ pé pápá mẹ́ta lẹ gbá. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti St Andrews, torí mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ yín ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi. Ìlú ńlá ni nínú ìtàn gọ́ọ̀fù, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dín ihò wọn kù láti 22 sí 18 ní ọdún 1764, ìyẹn ló sì di àṣà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, títí kan Lákọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ná yín. Old Course, pápá tí gbogbo èèyàn ń torí ẹ̀ lọ, ìbò ni ọ̀pọ̀ àlejò fi ń wọlé síbẹ̀. Ọjọ́ méjì ṣáájú lẹ ó forúkọ sílẹ̀, ó kéré tán ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni méjì, wọn á wá mú orúkọ. Ẹ̀yin nìkan sì lẹ ń gbá gọ́ọ̀fù nínú ilé yín. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń ti pápá náà, àwọn ará ìlú á máa mú ajá wọn rìn gbẹ̀fẹ́ lórí ẹ̀. Owó àtigbá pápá náà lẹ́ẹ̀kan lásìkò ooru wọn ti kọjá 300 pọ́n-ùn. Ẹni tí ìbò bá mú, ó bọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mú, á jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi, á máa wo àwọn ẹlòmíì láti ojú fèrèsé. Ibi tó dáa ni fún ọkùnrin mẹ́rin tó jọ rìnrìn àjò, tí sùúrù wọn pọ̀, tí àpò wọn sì gbà á.

Brora yàtọ̀. Ìlú kékeré kan ni ní àríwá, nǹkan bí 90 kìlómítà sí Inverness. James Braid ló ṣètò pápá náà bó ṣe wà dòní, láàárín ọdún 1920 sí 1929. Braid yìí kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ, ó gba ife Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá ti Britain, lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín 1901 sí 1910. Ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ń bá etí òkun lọ tààrà, mẹ́sàn-án yòókù ń gba ẹ̀yìn wọn bọ̀ wálé, ihò kejìdínlógún sì jẹ́ páà 3, ìyẹn ihò tí wọ́n retí kéèyàn fi ìgbá mẹ́ta parí, ó sì parí síwájú ilé ẹgbẹ́, níbi tí gbogbo ojú á ti máa wò yín. Ní ti àwọn ẹran tẹ́ ẹ rí nínú àwòrán: ilẹ̀ ìjẹko àjọni ni, ó ti pẹ́ gan-an tí àgùntàn àti màlúù ti ń jẹko níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi na wáyà oníná tín-ín-rín yí àwọn gíríìnì ká, ìyẹn ibi koríko kúkúrú tí ihò wà, kí ẹran má bàa tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Iye tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ lè má tó ti inú àwòrán; ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bóyá ẹran àti wáyà ṣì wà. Tí wọ́n bá ní òfin tiwọn lórí bọ́ọ̀lù tó bá lu wáyà tàbí tó bọ́ sínú ìgbẹ́ ẹran, ẹ ka ẹ̀yìn káàdì tí wọ́n fi ń kọ èsì kẹ́ ẹ tó gbá ti àkọ́kọ́.

Irú ilẹ̀ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ lóye, torí òun ló máa kọ́kọ́ dà yín láàmú. Iyanrìn ni. Òkun ló kó o wá, afẹ́fẹ́ ló gbá a jọ di òkìtì. Kò ṣeé dáko lé, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún àgùntàn àti ehoro, àwọn yẹn jẹ koríko rẹ̀ dé gbòǹgbò, àwọn èèyàn wá rí i pé ó ṣeé gbá bọ́ọ̀lù lé. Òkè àti kòtò tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kò sí katakata tó wà á. Bọ́ọ̀lù yín á bọ́ sí àárín ọ̀nà tó mọ́, á kọlu òkìtì kékeré kan, á sì yà sínú koríko gíga. Ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́. Bí ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ń retí pé ìgbá tó dáa gbọ́dọ̀ rí èrè ní gbogbo ìgbà, inú á máa bí i láti ihò kìíní dé ìkejìdínlógún.

Ní Lákọ̀wé, adágún omi ló yí wa ká, ó sì ti mọ́ wa lára pé kí bọ́ọ̀lù fò lókè réré kó wá jókòó sórí gíríìnì. Ní etí òkun Skọ́tíláǹdì, òjò tó bá rọ̀ ń wọ inú iyanrìn lọ kíákíá ni, koríko rẹ̀ tín-ín-rín, ilẹ̀ rẹ̀ le. Bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ bá sọ sí àárín gíríìnì á ta, á sáré kọjá sẹ́yìn. Torí náà, ẹ ó máa bọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní bíi yáàdì 15 tàbí 20 sí gíríìnì, ẹ ó jẹ́ kí ilẹ̀ gbé e lọ. Ọ̀nà tó ṣí wà níwájú ọ̀pọ̀ gíríìnì irú àwọn pápá yìí fún ohun tí mò ń sọ yìí gan-an.

Ó wá ku afẹ́fẹ́. Ìṣirò kan wà tí àwa kóòṣì máa ń lò. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú, máìlì kọ̀ọ̀kan tó ń sá ní wákàtí ń yọ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ibi tí bọ́ọ̀lù yín ń dé. Tó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, ìdajì ìyẹn ló ń fi kún un. Ká ní áyọ́ọ̀nù 7 yín, ọ̀kan nínú àwọn igi olórí irin, ń dé yáàdì 140. Nínú afẹ́fẹ́ iwájú tó ń sá máìlì 20, tí kì í ṣe ohun àràmàǹdà létí òkun yẹn, 112 ló kù sí yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ kan náà, á dé 154. Igi kan náà, apá kan náà, ó ti fi yáàdì 42 yàtọ̀ síra. Òtútù náà á tún yọ tiẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tútù ki ju afẹ́fẹ́ Èkó lọ, bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà nínú ẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Gbogbo àwa tí a ń gbé bọ́ọ̀lù sókè réré tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ní Lékkí, ibẹ̀ ni fùrọ̀ ti ń yọ.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ gbá Brora lẹ́ẹ̀mẹta nìyí. Pápá tó lọ tààrà tó sì padà tààrà báyìí, afẹ́fẹ́ ló ń pinnu irú èyí tẹ́ ẹ máa bá pàdé. Tó bá wà lẹ́yìn yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ ó ti máa rò pé ẹ ti di ọ̀gá, kẹ́ ẹ tó yíjú sí ilé ní ihò kẹwàá. Lọ́jọ́ kejì ó lè ti yí padà, ihò tẹ́ ẹ fi wẹ́ẹ̀jì, igi kúkúrú, parí lánàá, igi gígùn ni ẹ ó máa wá fún un. Ọjọ́ kẹta lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tó yẹ kéèyàn fẹsẹ̀ sí. Ẹni tó gbá pápá etí òkun lẹ́ẹ̀kan, àwòrán ló rí gbà, kò tíì gbá a. Mo mọ̀ pé Royal Dornoch wà nítòsí, ogún máìlì ò tó é sí Brora, Old Tom Morris, àgbà agbágọ́ọ̀fù ayé àtijọ́, ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ní 1886, ibẹ̀ sì ni wọ́n bí Donald Ross tó lọ ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún pápá ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ẹni tó bá dé àgbègbè yẹn ló fẹ́ gbá a, owó àtigbá a lẹ́ẹ̀kan sì ti kọjá 200 pọ́n-ùn. Ẹ lè lọ wò ó, ẹ rìn lórí ọ̀nà etíkun tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ máa rí gbà lọ́jọ́ kẹta ní Brora, ẹ kò ní rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níbòmíràn.

Ẹ̀kọ́ yẹn, Èpẹ́ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwa agbágọ́ọ̀fù Èkó fẹ́ràn àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, nígbà tí ewé kan ò mì. Láti ìsinsìnyí lọ, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ yí i padà: aago mẹ́ta ọ̀sán ni kẹ́ ẹ jáde. Ẹ bi apẹja èyíkéyìí ní Èpẹ́, á sọ fún yín pé ọ̀sán ni omi ń ru. Ìgbà yẹn ni atẹ́gùn òkun ń wọlé sórí ilẹ̀, Lákọ̀wé ò sì jìnnà sí òkun. Kò ní le tó ti Skọ́tíláǹdì, ṣùgbọ́n á kọ́ yín láti máa wo ojú ọ̀run kẹ́ ẹ tó yọ igi nínú báàgì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ ni ìgbá ìsàlẹ̀. Tí ọ̀nà bá jẹ́ yáàdì 120 tí afẹ́fẹ́ sì kọjú sí yín, ẹ gbàgbé áyọ́ọ̀nù 8. Ẹ mú 5 tàbí 6. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wà sẹ́yìn díẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ yín, ẹ di igi mú nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé apá dé ìwọ̀n èjìká péré, ẹ sì dá a dúró sí ìwọ̀n kan náà níwájú. Jẹ́jẹ́. Ìjẹ́jẹ́ yìí ló máa ń ṣòro jù fún àwọn ọkùnrin wa, torí nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le, ara máa ń sọ pé ká le sí i. Bẹ́ẹ̀, agbára púpọ̀ ló ń mú kí bọ́ọ̀lù yí sẹ́yìn púpọ̀ lójú òfuurufú, á máa gun òkè, afẹ́fẹ́ á gbá a mú, á sì dá a padà sọ́dọ̀ yín.

Ìkejì ni ìgbá ẹ̀gbẹ́ gíríìnì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ tó sì le, ẹ wá pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé kan tí koríko ò sí lójú ẹ̀ mọ́. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, ẹ lọ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọlé. Ẹ gbé garawa kan kalẹ̀, ẹ dúró ní bíi yáàdì 20, kẹ́ ẹ máa fi pọ́tà, igi tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù lórí gíríìnì, yí bọ́ọ̀lù lọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa fi áyọ́ọ̀nù 8 ṣe bákan náà. Wẹ́ẹ̀jì olójú gbọọrọ tẹ́ ẹ fi ń gbé bọ́ọ̀lù fò lókè bọ́ńkà, ìyẹn kòtò oníyanrìn, ẹ fi í sílé. Ilẹ̀ Brora le débi pé ìdí wẹ́ẹ̀jì yẹn á ta lórí ilẹ̀, á fi ẹnu gbá bọ́ọ̀lù ní ikùn, bọ́ọ̀lù á sì fò kọjá gíríìnì bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́: kádì ló ń gbá ìdajì gọ́ọ̀fù wa. Ní Nàìjíríà, kádì ló ń gbé báàgì, òun ló ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí, òun ló ń sọ igi tẹ́ ẹ máa mú, òun ló ń ka ọ̀nà lórí gíríìnì, òun ló ń ro bọ́ńkà. Lára wọn gbá gọ́ọ̀fù ju àwọn tí wọ́n ń gbé báàgì fún lọ, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ẹgbẹ́ kékeré bíi Brora ò ní kádì tó tò sẹ́nu géètì. Ẹ̀yin nìkan ni. Bọ́ọ̀lù tó bá wọ koríko gíga, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lòfin fún yín láti wá a. Láti 2019 ni wọ́n ti dín in kù láti márùn-ún. Kò sí igi ọ̀pẹ tẹ́ ẹ máa fi sàmì pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló bọ́ sí. Torí náà, ẹ kọ́ láti máa wo bọ́ọ̀lù títí á fi dúró, kẹ́ ẹ fojú mú nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ì báà ṣe òpó, òkúta, tàbí òrùlé ilé. Tí ara bá ń fu yín, ẹ gbá bọ́ọ̀lù adípò, èyí tẹ́ ẹ máa lò tí ti àkọ́kọ́ bá sọnù, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì pè é bẹ́ẹ̀ fáwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbá kẹ́ ẹ tó gbá a. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń múra sílẹ̀ ní Lákọ̀wé, ẹ máa sanwó kádì yín pé pérépéré, kí oúnjẹ má bàa bọ́ lẹ́nu ọmọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ẹ ní kó dákẹ́. Kó máa rìn lẹ́yìn yín láìsọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbá pápá náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, á fi ibi tí gọ́ọ̀fù yín wà gan-an hàn yín. Ẹ tún kọ́ láti ro bọ́ńkà fúnra yín, kẹ́ ẹ dí ojú koríko tẹ́ ẹ bá gé, kẹ́ ẹ sì tún ojú ibi tí bọ́ọ̀lù bá ti gbẹ́ gíríìnì ṣe. Wọ́n máa ń wo ìyẹn lára àlejò ju iye ìgbá tó kọ sílẹ̀ lọ. Wọ́n tún máa ń yára. Ìgbá wákàtí márùn-ún tí a máa ń gbá ní Èkó, tí a ó tún dúró jẹ súyà láàárín, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wò ó.

Orúnkún. Ẹ ó rìn tó kìlómítà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ ò sì tẹ́. Kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù tó ń gbé èèyàn ò pọ̀ láwọn pápá etí òkun, àwọn ẹgbẹ́ kan sì máa ń béèrè ìwé dókítà kí wọ́n tó fún èèyàn. Ẹ gba ìwé yẹn láti ilé ìwòsàn yín kẹ́ ẹ tó lọ, ó sàn ká ní i lọ́wọ́ ká má nílò ẹ̀. Èyí tó dáa jù fún yín ni kẹ̀kẹ́ oníná tó ń gbé báàgì, tẹ́ ẹ máa háyà níbẹ̀. Igi mẹ́sàn-án tó yín. Mẹ́rìnlá lòfin gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní háńdíkáàpù 19 ò nílò gbogbo wọn: dráífà, igi gígùn kan, áyọ́ọ̀nù 5 dé 9, wẹ́ẹ̀jì kan, pọ́tà. Ó parí. Kẹ́ ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, ká má dé Brora ká wá máa wá àbóníkì.

Ní ti ojútì tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù, bọ́ńkà ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ bọ́ńkà etí òkun jinlẹ̀, ògiri rẹ̀ dúró gbagidi bí ògiri kànga. Ẹ má wo àsíá. Ẹ wo ibi tó rọrùn jù láti jáde, ì báà jẹ́ ẹ̀gbẹ́, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn. Bí bọ́ọ̀lù bá lẹ̀ mọ́ ògiri pátápátá, òfin gbà yín láyè láti sọ pé kò ṣeé gbá. Ẹ lè san ìgbá kan kẹ́ ẹ jù ú sí ibòmíràn nínú bọ́ńkà náà, ẹ sì lè san ìgbá méjì kẹ́ ẹ gbé e jáde, kẹ́ ẹ jù ú sẹ́yìn bọ́ńkà lórí ìlà tó gba ibi tó wà lọ sí ihò. Ìgbá méjì yẹn máa ń dun àwọn èèyàn. Mo ti rí àwọn tó kọ̀ láti san méjì, tí wọ́n wá fi mẹ́fà jáde.

Ẹ má sì ka gbogbo ìgbá o. Ẹ fi ìlànà Stableford gbá a. Tẹ́ ẹ bá gba páà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ háńdíkáàpù yín, máàkì méjì. Ìgbá kan lé, máàkì kan. Ìgbá kan dín, mẹ́ta. Tó bá ti bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òdo, ẹ mú bọ́ọ̀lù sápò kẹ́ ẹ máa lọ sí ihò tó kàn. Máàkì 36 túmọ̀ sí pé ẹ gbá a bó ṣe yẹ yín. 28 nínú afẹ́fẹ́ Brora, ẹ yangàn. Dókítà Frank Stableford ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní Wallasey ní 1932, afẹ́fẹ́ etí òkun sì wà lára ohun tó lé e dé ìdí ẹ̀, torí ihò kan ṣoṣo lè ba ọjọ́ èèyàn jẹ́. Wallasey yìí, òdìkejì odò ni sí Liverpool, kò jìnnà sí Manchester níbi tí ọmọ yín wà. Pápá etí òkun gidi ni. Tẹ́ ẹ bá gbá a lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó gbéra lọ sí àríwá, mi ò ní pè é ní ìsákúsàá. Ẹ kàn fi tọ́ ọ wò.

Fisa ńkọ́? Standard Visitor lẹ máa béèrè, kò ju oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò tẹ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èsì sì sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ọmọ yín kọ ìwé pé òun lòun ń náwó ìrìn àjò náà, kó fi ìwé owó oṣù àti ìwé ìgbélùú rẹ̀ tì í. Ẹ̀yin náà fi ìwé owó ìfẹ̀yìntì àti ti báńkì yín sí i. Ẹ sọ pé ẹ̀ ń lọ wo ọmọ, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ máa gbá gọ́ọ̀fù, pẹ̀lú ọjọ́ tó bá ara wọn mu. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí owó ẹ̀ ò ṣeé gbà padà kí fisa tó jáde. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé kẹ́ ẹ ya Ireland torí pé pápá etí òkun pọ̀ níbẹ̀, fisa ọ̀tọ̀ ni ti Ireland fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́ pàápàá, ẹ wo kàlẹ́ńdà Iléyá, kí Kàyọ̀kàyọ̀, ọdún Èpẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé Iléyá, má bàa kọjá lẹ́yìn yín.

Láti Manchester, ojú irin ń gbé yín dé Inverness, ẹ ó pààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú, ó jìnnà. Láti Inverness, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Thurso àti Wick máa ń dúró ní Brora, ṣùgbọ́n kò pọ̀ lójúmọ́, ẹ mú àkókò yín mọ́ tiẹ̀. Ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà ṣeé lò níbẹ̀ fún ọdún kan, àmọ́ ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀yin lè rántí bí ó ṣe rí kí a tó kúrò lọ́wọ́ òsì ní 2 oṣù kẹrin 1972. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò ní gba ọmọ ọdún 61 níyànjú pé kó lọ tún un kọ́ lójú títì olókè yẹn. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin.

Nǹkan kan tún wà tí wọn kì í kọ sínú ìwé àwọn onígọ́ọ̀fù. Ní oṣù kẹfà, ní àríwá yẹn, oòrùn ò ní wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ á fi kọjá, ilẹ̀ kì í sì í ṣú dáadáa kó tó tún mọ́. Fún gọ́ọ̀fù, ọlá ńlá ni; ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò ti dín kù, kẹ́ ẹ parí kí ilẹ̀ tó dá wíríwírí. Ṣùgbọ́n Mọ̀ǹríbì á ti pẹ́ gan-an, Ìṣáì àti Àsùbáà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Ìmáàmù yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ìlànà wà tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò àkókò fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mọ́ṣáláṣí wà ní Inverness. Ní ti oúnjẹ, etí òkun ni, ẹja tútù pọ̀, ẹ̀yin ọmọ Èpẹ́ ò ní pa ebi.

Ìyàwó yín: láàárín Dornoch àti Brora, nítòsí Golspie, ààfin Dunrobin wà níbẹ̀, ilé ńlá onílé-ìṣọ́ ṣóńṣó pẹ̀lú ọgbà òdòdó tó kọjú sí òkun, wọ́n sì máa ń fi àwọn ẹyẹ àṣá ṣeré fún àwọn àlejò. Ó tó fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ má ní kí wọ́n tẹ̀ lé yín kiri pápá lọ́jọ́ kìíní, òtútù á mú wọn, ẹ̀yin náà ò ní lè fọkàn sí ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe.

Tẹ́ ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Brora. Ẹ béèrè fún ọjọ́ mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ oníná fún báàgì, àti bóyá wọ́n á dá owó padà bí fisa ò bá jáde. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí háńdíkáàpù yín láti ẹgbẹ́ yín, ẹ fi sínú báàgì tó wà lọ́wọ́ yín. Aṣọ òjò tòkè tìsàlẹ̀, bàtà tí omi ò lè wọ̀, ìbọ̀wọ́ òjò méjì. Ìwọ̀n 12 sí 16 ni ooru ọ̀sán níbẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́, ní oṣù kẹfà o. Fìlà olójú gbọọrọ tẹ́ ẹ máa ń dé ní Lákọ̀wé, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ sí Norway. Abetí ajá lẹ máa dé, kẹ́ ẹ sì fa etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀.